Wáyà Àlejò Tí Kò Lọ Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹni mẹ́ta nínú yín ló ti wá bá mi ní Iléṣà níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, pé kí n sọ bí iṣẹ́ iná mànàmáná ṣe rí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá owó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bọ́ ìyàwó mi, ó rán ọmọ mẹ́rin lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni mo fẹ́ kọ: bí ènìyàn ṣe lè kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó le, kó mọ̀ ọ́n, kó fẹ́ràn rẹ̀, kí àwọn tó di ìwé òfin mú sì máa fà á sọ́tùn-ún fà á sósì títí nǹkan fi máa bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà sí i ni inú rẹ̀ á máa rọ̀. Tèmi kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ifẹ̀wàrà ni wọ́n bí mi sí. Kòkó ni bàbá mi ń gbìn, kòkó náà ló sì gbé mi dé yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ìmọ̀ físíìsì. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ojú mi ṣì ń rí i. Wọ́n ń bá wa fọ aṣọ ibùsùn wa. Ní ilé ìkàwé, ènìyàn lè kàwé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí iná má ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá sì lọ, a máa ń bọ́ síta láti bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n kéde òkú. Olùkọ́ wa kan wà tó máa ń fi ẹfun ya ọ̀nà tí iná ń gbà sára pátákó, yóò wá ní, "Iná kò ní ọ̀rẹ́, kò sì ní ọ̀tá. Ọ̀nà ilé nìkan ló ń wá." Mo da ọ̀rọ̀ yẹn kọ sínú ìwé mi, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú iná.

Nígbà tí mo gboyè tán, mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Òṣogbo. Ní ọdún kejì, yàrá tí a fi ń ṣe sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í jó fíúsì, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan ní àdúgbò Igbóna. Ọ̀gá Lásísì ni, ọmọ Mùsùlùmí Òṣogbo láti ìran dé ìran, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ iná ní rélùwéè kó tó dá dúró. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí àkàbà, èmi ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe fún àwọn ọmọ nísàlẹ̀. Ó gbọ́ mi títí, ó wá bojú wolẹ̀.

"Tíṣà, ohun tí ẹ ń kọ́ wọn yìí, ṣé ẹ ti dì í mú rí?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ó hàn nínú ohùn yín."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí aago fi lù. Èmi kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Kí ọdún yẹn tó parí, mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo ti di ọmọ iṣẹ́ ní Igbóna, láàárín àwọn ọmọkùnrin tí mo lè kọ́ ní girama.

Nígbà tí mo lọ sọ fún bàbá mi, ó rọra gbé àdá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwé tí mo fi kòkó rà fún ọ, àjà ilé onílé lo fẹ́ gbé e gùn."

"Bàbá, ẹ̀kọ́ náà ni mo tún ń kọ́."

"Ẹ̀kọ́ ti tán. Wọ́n ti dé ọ ní fìlà, a ti ya fọ́tò, a ti jẹ ìrẹsì. Èwo ni ẹ̀kọ́ mìíràn?"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí kòkó ọdún tó tẹ̀ lé e fi gbó.

Ọ̀gá Lásísì kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù. Láyé ìgbà yẹn, igi pẹlẹbẹ la ń kàn mọ́ ògiri, orí rẹ̀ la ń to wáyà sí, a ó wá fi kílíìpù kéékèèké mú un ní ìka mẹ́rin-mẹ́rin. Nílé aláṣọ kan ní Igbóna, mo fi ọjọ́ méjì kan kílíìpù láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gá dé, ó rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró níbi ọ̀kan tó wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo rẹ̀ tu.

"Ọ̀gá, iná á gbà á kọjá."

"Iná á kọjá. Ojú mi ni kò ní kọjá."

Mo tún un kàn. Ọjọ́ méjì mìíràn ni.

Ó ní àṣà kan tí n kò rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ilé bá parí, ẹni tó fa wáyà ni yóò bọ́ bàtà, yóò da omi sílẹ̀, yóò dúró sínú omi náà, yóò wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gbogbo irin tí iná dé ara rẹ̀ lójú onílé. Ẹ̀yìn ọwọ́, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, torí bí iná bá mú àtẹ́lẹwọ́, ìka á ká mọ́ ọn, kò sì ní lè jù ú sílẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹ̀rọ tó ń wò ó wà, ẹ ra ẹ̀rọ. Mò ń sọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni. Nígbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, mo dúró sínú omi, ètè mi ń mì.

"Búùkù," Ọ̀gá ní, torí orúkọ tó fi ìwé tí mo kà sọ mí nìyẹn, "àdúrà lò ń gbà ni àbí ìṣirò lò ń ṣe?"

"Méjèèjì, Ọ̀gá."

"Ìṣirò ti pẹ́. Àná ló yẹ kó o ti ṣe é. Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án, kò sí nǹkan kan. Onílé pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí bàbá mi kò mọ̀, pé ẹ̀kọ́ kò tíì tán lóòótọ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dá mi sílẹ̀, mo wá sí Iléṣà, mo gba láísẹ́ǹsì ìjọba, mo ya ṣọ́ọ̀bù kan. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. A ṣíwọ́ igi, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ògiri láti rì páìpù mọ́ ọn; òòlù àti irin ìgbẹ́gi la kọ́kọ́ fi ń gbẹ́ ẹ, ọwọ́ á wú, kí ẹ̀rọ tó dé tó ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan ní wákàtí kan. Àpótí fíúsì alátánganran tí a máa ń fi wáyà tín-ín-rín dí lójú kógbá sílé, bírékà dé. Mítà tó ń yí bí àwo lọ, mítà onínọ́ńbà tí ènìyàn ń rọ káàdì sí dé. Wáyà náà yí padà, ó sì burú sí i: àwọn kan ń ta ohun tí wọ́n kàn fi bàbà kùn lára fún wa, bẹ́ ẹ bá fi pílíà họ ọ́, funfun ni inú rẹ̀. Gbogbo ìyẹn, a bá a yí. Ohun kan tí kò yí padà ni ẹnu àwọn aláyẹ̀wò.

Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí wà. Wáyà méjì ló ń ti orí òpó wọ ilé. Ọ̀kan gbé iná wá. Èkejì, tí à ń pè ní níútírà, ló ń gbé e padà. Ẹ̀kẹta kò ti orí òpó wá. Irin gígùn kan la máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wáyà tó ti ara rẹ̀ wá là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Òun la máa ń so mọ́ ara gbogbo nǹkan onírin, ẹ̀rọ omi, fíríìjì, àáyọ́ọ̀nù, pé bí iná bá ṣìnà bọ́ sára irin, kó gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ.

Ìbéèrè náà nìyí: ṣé ká so níútírà àti ẹ́ẹ̀tì pọ̀ nídìí mítà, àbí ká yà wọ́n sọ́tọ̀? Ìwé òfin ní ká so wọ́n pọ̀ níbi tí àwọn tó ń ta iná bá ti rì níútírà tiwọn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ́fíìsì méjì ló sì ń yẹ ilé wò. Ti ìjọba, tó wà ní Òṣogbo, ní kò tó kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nídìí tíránsífọ́mà nìkan, pé ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ òpó lọ́pọ̀ ibi, kò sì sí lẹ́sẹ̀ òpó tiwa. Nítorí náà, ẹ má so wọ́n. Ti àwọn tó ń ta iná ní ìdí tíránsífọ́mà ti tó. Nítorí náà, ẹ so wọ́n. Àwọn méjèèjì ní ìdí. Bí ẹ kò bá so wọ́n, tí iná bá bọ́ sára irin, fíúsì lè má jó, irin á wà níbẹ̀ bí ejò. Bí ẹ bá so wọ́n, tí níútírà bá já lórí òpó, iná tó fẹ́ padà sílé á gba inú ẹ́ẹ̀tì bọ́ sára gbogbo irin tó wà nínú ilé. N kò bínú pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹnì kejì ń sọ ohun mìíràn, ọkọ̀ kan péré ni ènìyàn máa wọ̀ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì, wọn kò sì jókòó sọ ọ́ rí. Àwa tí a di pílíà mú ni wọ́n ní ká jẹ́ onílàjà láàárín wọn.

Ohun tí a wá ń ṣe nìyí, gbogbo wa, n kò yọ ara mi sílẹ̀. A ó gé wáyà kúkúrú kan tó gùn tó ọwọ́ kan. Bí aláyẹ̀wò àwọn tó ń ta iná bá ń bọ̀, a ó fi so níútírà mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ tán, a ó yọ ọ́ sápò. Bí ti ìjọba bá dé, kò ní bá a níbẹ̀. Wáyà àlejò là ń pè é. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi tí a bá ti pàdé. "Ṣé àlejò yín ti lọ?" "Ó ti lọ, ó ní kí n kí yín." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ikú ṣeré.

Ilé ìgbẹ̀bí kan wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbídùn, ló ni ín. Ó ti gbẹ̀bí ọmọ mi méjì. Ó ní kí n tún gbogbo wáyà ibẹ̀ fà, mo sì fi ọkàn ṣe é. Mo tan jẹnẹrétọ̀ wọn, mo ṣe ìdánwò Ọ̀gá Lásísì níbẹ̀, láìwọ bàtà, nínú omi; Màmá ń wò mí, ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, bó o bá kú síbí, n kò ní gbẹ̀bí rẹ." Kò sí irin tó já mi jẹ. Ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kò lè rí ohun tó máa já lọ́la.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ti ìjọba ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ibi mítà, ó ní, "Ó dáa tí ẹ kò so wọ́n. Ẹni tó bá so wọ́n lórí ọ̀nà iná yìí, apànìyàn ni." Ó fọwọ́ sí ìwé mi. Ọjọ́ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ti àwọn tó ń ta iná gbé mítà dé.

"Ibo lẹ so wọ́n sí?"

"A kò so wọ́n, ọ̀gá. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ní ká má so wọ́n."

"Ṣé Fọlárìn ló ní mítà?"

"Rárá."

"Ẹ jẹ́ kó wá gbé mítà fún yín nígbà náà."

"Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n so ó."

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ̀kò sí. "Ṣé ẹ ti rí dókítà tó ń kọ̀wé fún abẹ́rẹ́? Ẹ so ó, kí n lọ."

Inú ilé ìgbẹ̀bí yẹn, aboyún mẹ́ta ló ń retí iná. Mo yọ wáyà àlejò lápò, mo so ó. Èmi ni mo so ó, ọwọ́ mi yìí. Mo ní bó bá ti lọ, màá yọ ọ́. Ohun tí n kò rò ni pé mítà tuntun yẹn ní àpótí tirẹ̀, inú àpótí náà ni ojú ìsopọ̀ bọ́ sí. Ajíbádé ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi èdìdì òjé dè é. Ẹni tó bá já èdìdì yẹn, ẹ̀wọ̀n ni. Àlejò ti wọlé, wọ́n sì ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n wá ṣí i. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣí i kò sí. Mo tún lọ, wọ́n ní kí n kọ̀wé. Mo kọ̀wé. Mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìwé kò tíì dé orí tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mìíràn dé, òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀bi mi wà nìyẹn, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Mo mọ̀ ọ́n léwu, mo sì jẹ́ kó rẹ̀ mí.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún yẹn rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Atẹ́gùn fa ẹ̀ka igi bọ́ sórí wáyà, níútírà sì já lójú òpó. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fọ aṣọ fún Màmá Ìbídùn, Ìyá Káyọ̀dé. Nígbà tí òjò dá, ó gbé korobá, ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ tutù, kò wọ bàtà. Iná tó ń wá ọ̀nà ilé ti gba inú wáyà àlejò mi bọ́ sára ẹ̀rọ náà. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń di ẹ̀rọ omi mú. Kí wọ́n tó rí i, ó ti kú.

Mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀ jókòó síta. Kò lù mí, kò bú mi. Ó ní, "Omi lásán ló lọ pọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa." N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó "ó dáa" yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo láti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Láísẹ́ǹsì mi ló wà lórí tábìlì, orúkọ mi sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, Ajíbádé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó rí yín. Ẹ kàn sọ pé ẹni tó wá tún jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe ló so ó. Irú wọn pọ̀, kò sẹ́ni tó máa wá a. Ó dáa fún yín, ó dáa fún èmi náà."

Mo ní màá rò ó. Mo sì rò ó lóòótọ́, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbóna. Ọ̀gá Lásísì ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń fọ́, ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti Fọlárìn, ti Ajíbádé, ti èdìdì, ti ìwé tí kò dé orí tábìlì. Ó gbọ́ ọ títí.

"Ta ló so ó?"

"Ọ̀gá, aláyẹ̀wò ló ní..."

"N kò bi ọ́ ta ló ní. Ta ló so ó?"

"Èmi ni."

"Lọ sọ bẹ́ẹ̀. Bó o bá ti sọ tìẹ tán, ẹnu rẹ á gbà láti bi wọ́n léèrè tiwọn. Ẹni tó bá purọ́ nípa tirẹ̀, wàláì, kò lè bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́."

Ọjọ́ pé. Àwọn márùn-ún jókòó, Fọlárìn wà lápá kan, Ajíbádé wà lápá kejì. Alága bi mí bóyá èmi ni mo so wáyà náà. Mo ní èmi ni. Alága, tí kò retí ẹ̀, tún bi mí:

"Ta ló ní kí ẹ so ó?"

Mo na ìka sí Ajíbádé. Ó dìde. "Alága, ohun tí òfin wí ni mo ní kó ṣe."

Fọlárìn náà dìde. "Alága, èmi náà, ohun tí òfin wí ni mo ní kó ṣe."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo wá bèèrè ohun tí mo ti ọ̀nà jíjìn gbé wá. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti gbà pé mo jẹ̀bi. Ẹ fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n kí n tó jáde, ẹ sọ èwo nínú méjèèjì ni òfin, kí n lè sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Alága pa ìwé iwájú rẹ̀ dé. Ó ní, "Kì í ṣe ohun tí a jókòó lé lórí nìyẹn."

Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin kan kú nítorí pé ọ́fíìsì méjì ka ìwé kan ní ọ̀nà méjì, ìgbìmọ̀ jókòó nítorí ikú náà, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ka ìwé náà kọ́ ni ohun tí wọ́n jókòó lé lórí. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì mi fún ọdún mẹ́ta. Fọlárìn padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ajíbádé padà sí tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀kan ń sọ fún àwọn ènìyàn ní Iléṣà pé kí wọ́n so ó, èkejì ń sọ pé kí wọ́n má so ó.

Ọdún mẹ́ta yẹn, mo ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo ń gbé àkàbà. Nígbà tí mo gba láísẹ́ǹsì mi padà, mo ṣòfin fún ara mi. N kò gé wáyà àlejò mọ́. Gbogbo ilé tí mo bá ṣe, mo máa ń fi bírékà kan sí i tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ti ń gba ibi tí kò yẹ. Aláyẹ̀wò tó bá sì fẹ́ nǹkan mìíràn, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i rí. Wọ́n á ní, "Bàbá yìí ti tún dé." Ilé tí mo ṣe á wà lókùnkùn fún oṣù mélòó kan, onílé á wá gba ẹlòmíràn tí àlejò wà lápò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń dín lọ́wọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń bínú, torí òótọ́ kò yẹ kó jẹ́ ohun tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ iná pè mí sí ìpàdé kan nítòsí Old Garage ní Òṣogbo, pé kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn aláyẹ̀wò tuntun jókòó níwájú, ọ̀kan láti ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, ọmọ dáadáa, kóòtù wọn mọ́. Mo sọ̀rọ̀ Ọ̀gá Lásísì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀rọ̀ Ìyá Káyọ̀dé pẹ̀lú. Mo wá ní kí àwọn méjèèjì dìde, kí wọ́n dá wa lóhùn níṣojú gbogbo ènìyàn: ṣé ká so ó ni, àbí ká má so ó?

Ọ̀kan ní, "A gbọ́dọ̀ so ó, Bàbá."

Èkejì ní, "Rárá o, kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ó dá mi lójú pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ọ̀kan ṣí ìwé, èkejì fi fóònù hàn án. Alága ẹgbẹ́ dìde kíá, ó ní kí Bàbá jókòó, pé àkókò ti lọ, ká fi àdúrà parí. A fi àdúrà parí.

Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń pe ọkọ̀ Iléṣà kí obìnrin kan tó sáré bá mi. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù iná tirẹ̀ ní Igbóna, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, bírékà ló kún inú báàgì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ilé kan wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń bọ̀ wá gbé mítà síbẹ̀ lọ́la. Wọ́n á ní kí n so ó. Kí ni kí n ṣe?"

Mo bi í bóyá wọ́n ti rì níútírà mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn òpó ọ̀nà náà. Ó ní òun ti rìn ín láti òpó dé òpó, kò sí. Mo bi í bóyá ó ti fi bírékà tó ń já fúnra rẹ̀ sí i. Ó ní ó ti wà níbẹ̀.

"Má so ó."

"Wọ́n á bi mí pé ta ló ní kí n má so ó."

Mo ní kó bá mi wá ìwé. Ó ya ojú ewé kan nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lé orí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan, mo kọ ọ́ pé kò sí ìrìmọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ òpó kankan ní ọ̀nà náà, pé èmi ni mo ní kó má so níútírà àti ẹ́ẹ̀tì pọ̀ nílé yẹn, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n wá mú mi ní Iléṣà. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún, mo sì fọwọ́ sí i.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò ní gbà á."

"Mo mọ̀. Gbé e fún wọn pẹ̀lú bíírò, kí wọ́n kọ tiwọn sábẹ́ rẹ̀."